Àgọ́ ọ̀gbìn inú ilé: ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn kí ẹ tó ra àgọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbé àgọ́ ọ̀gbìn, ìyẹn àpótí aṣọ tí a ń gbin nǹkan sínú rẹ̀ lábẹ́ iná, sí kọ̀rọ̀ yàrá kan tí oòrùn kì í dé. Létúùsì àti efinrin ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, mo fẹ́ gbin ẹsẹ̀ ata mẹ́ta kún un. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n di gbogbo rẹ̀ pọ̀: àgọ́ sẹ̀ǹtímítà 60 × 60 × 140, iná LED tí wọ́n kọ 1000W sí lára, pẹ̀lú fáànù kékeré kan. Ṣé ó tó? Báwo ni mo ṣe máa tò ó tí ewé ò fi ní jóná, tí kò sì ní máa bu?"

Ìdáhùn: Fún létúùsì àti efinrin nìkan, àgọ́ yẹn tó. Fún ata mẹ́ta, kò tó, gíga rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ há mọ́ yín kí fífẹ̀ rẹ̀ tó há. Ní ti iná tí wọ́n kọ 1000W sí lára, ẹ fura sí i.

Ohun tó sábà ń kó èèyàn sí wàhálà ni pé àgọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà. Wọ́n á wá máa wá iná tó máa wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa wá fáànù tó lè kápá ooru iná ọ̀hún. Ẹ yí i padà. Ohun tí ẹ fẹ́ gbìn ló máa sọ iye ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló máa sọ iye ooru, ooru ló máa sọ irú fáànù tí ẹ nílò. Àgọ́ kàn jẹ́ àpótí tó gba gbogbo wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí gíga bẹ̀rẹ̀, torí ìṣirò rẹ̀ rọrùn, síbẹ̀ àwọn èèyàn kì í ṣe é. Nínú àgọ́ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 140, iná àti okùn tí a fi gbé e kọ́ máa gba nǹkan bíi 20 lókè. Ìkòkò tó gba lítà 12 ga tó 25. Ẹ fi 3 kún un fún tíréè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín iná àti ewé tó ga jù kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 30. Ẹ yọ 78 kúrò nínú 140, ó ku 62. Ata inú ìkòkò máa ń ga tó 60 sí 90, nítorí náà orí rẹ̀ á ti kan iná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Létúùsì kì í sábà kọjá 30, efinrin sì ni ẹ ó máa já lórí, ìyẹn ni àgọ́ kúkúrú ṣe tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ní ti fífẹ̀, ẹsẹ̀ ata kan ń fẹ́ àyè tó tó 40 × 40. Àgọ́ 80 × 80 gba mẹ́rin irú àyè bẹ́ẹ̀: mẹ́ta fún ata, ọ̀kan fún ewé jíjẹ. Tí ó bá ga ní 160, ata á ní bíi 82 láti dàgbà sí. Èyí ló kéré jù tí a lè ní kí ẹ rà. Bí òrùlé yàrá bá gbà á, 100 × 100 × 200 ló dára jù, nítorí àyè tó ṣẹ́kù lókè ni ooru máa kóra jọ sí dípò orí ewé. Bí kọ̀rọ̀ yín bá tẹ́ẹ́rẹ́, 60 × 120 × 180 náà á ṣe é. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àyè náà, kí ẹ sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un lẹ́yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ fún páìpù atẹ́gùn, àti àyè tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Àgọ́ tí ẹ ò lè na ọwọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni ewé tó kú máa jẹrà sí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ó yẹ ká sọ ọ́ pé létúùsì àti ata kì í fi bẹ́ẹ̀ bára gbé. Létúùsì fẹ́ràn 18 sí 22°C. Tí ooru bá ń kọjá 25 lójoojúmọ́, á sáré yọ igi òdòdó, ewé rẹ̀ á sì korò. Ata ní tirẹ̀ ń fẹ́ 22 sí 28, ó sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá máa pa wọ́n pọ̀ dandan, ẹ gbé ata sí àárín gbùngbùn abẹ́ iná, kí létúùsì wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, lójú ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé. Efinrin á ba ata rìn láìsí ìjà.

Wàyí o, iná. 1000W yẹn, ẹnu dùn-ún rò'fọ́ ni. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí ti gílóòbù àtijọ́ tó ń jẹ 1000W. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ka àwọn gílóòbù tíntìntín tó wà lára rẹ̀, wọ́n á sì fi agbára tó pọ̀ jù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí tó ń fà gan-an látinú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè má ju 100W lọ. Nǹkan méjì ni kí ẹ wá lára páálí rẹ̀: iye wáàtì tó ń fà ní tòótọ́, àti iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde lórí agbára tó jẹ, èyí tí wọ́n máa ń kọ báyìí: µmol/J. LED tó dára máa ń wà ní 2.5 sókè. Bí wọn ò bá kọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

PPFD ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ewé. Létúùsì àti efinrin ń fẹ́ 200 sí 300. Ata tó ti ń so ń fẹ́ 400 sí 600. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kò fẹ́ ju 100 sí 200 lọ. Láti mọ iye wáàtì tí ẹ máa rà, ẹ fi PPFD ṣe ìlọ́po ìtóbi ilẹ̀ àgọ́ ní mítà onígun mẹ́rin, kí ẹ fi 0.8 pín in nítorí èyí tó ń ṣòfò sára ògiri, kí ẹ sì fi µmol/J pín èyí tó bá kù. Fún àgọ́ 80 × 80: 450 × 0.64 jẹ́ 288. 288 ÷ 0.8 jẹ́ 360; 360 ÷ 2.5 jẹ́ 144. Nítorí náà, iná tó ń fà 150W ní tòótọ́ ni ẹ nílò. Fún àgọ́ 60 × 60 tí ewé jíjẹ nìkan wà nínú rẹ̀, ìṣirò kan náà pẹ̀lú 250 á fún yín ní 45W. Ẹ rí i pé kò sí ibi tí 1000W ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnì tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Láìsí i, gíga tí ẹ gbé iná kọ́ sí nìkan lẹ ó máa fi ṣe àtúnṣe, gíga ọ̀hún sì ni kò pọ̀ lọ́wọ́ yín.

Iye wákàtí náà ṣe kókó, nítorí àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ni ohun ọ̀gbìn ń kà. Ẹ fi PPFD ṣe ìlọ́po iye wákàtí, kí ẹ tún fi 0.0036 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Létúùsì lábẹ́ 250 fún wákàtí 16 ń rí 14.4, èyí tó bá a mu, torí 12 sí 17 ló ń fẹ́. Ata lábẹ́ 450 fún wákàtí 14 ń rí nǹkan bíi 22.7, òun náà sì wà láàárín 20 sí 30 tó yẹ ẹ́. Ẹ má ṣe tan iná mọ́jú pẹ̀lú èrò pé á tètè dàgbà. Òkùnkùn wà lára iṣẹ́ ewé. Ewé tòmátò, fún àpẹẹrẹ, máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ìmọ́lẹ̀ ò bá kúrò lórí rẹ̀ rárá.

Tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn PPFD, fóònù tó ń wọn lux (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú èèyàn) lè ràn yín lọ́wọ́. Lábẹ́ LED funfun, ẹ fi 67 pín iye lux: 17,000 jẹ́ bíi 250, 30,000 sì jẹ́ bíi 450. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a lè búra lé, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ̀ bóyá igun àgọ́ kò rí ju ìdajì ohun tí àárín ń rí.

Ibi tí ìṣirò ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni fáànù. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kí fáànù pààrọ̀ gbogbo atẹ́gùn inú àgọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fún àgọ́ 80 × 80 × 160, ìyẹn jẹ́ bíi mítà kúbíìkì 61 ní wákàtí kan, èèyàn á sì rò pé fáànù tíńtín inú páálí yẹn ti tó. Ṣùgbọ́n gbogbo wáàtì tó bá wọ inú àgọ́ ló ń di ooru níkẹyìn, LED ni o, gílóòbù ni o. Láti mọ iye tí inú àgọ́ máa fi gbóná ju yàrá lọ, ẹ fi 0.33 ṣe ìlọ́po iye mítà kúbíìkì tí fáànù ń fà ní wákàtí, kí ẹ wá fi èyí tó jáde pín àpapọ̀ wáàtì. Iná àti fáànù tó jẹ́ 160W pẹ̀lú atẹ́gùn 61: nǹkan bíi 8°C. Tí yàrá bá wà ní 26, inú àgọ́ di 34. Ata á máa gbọn òdòdó rẹ̀ dànù, létúùsì á ti sá lọ sínú irúgbìn. Pẹ̀lú atẹ́gùn 160, ìyàtọ̀ yẹn á bọ́ sí 3. Ewé tó ń mí omi jáde àti ara àgọ́ máa ń gbé díẹ̀ nínú ooru náà lọ, torí náà iye gidi lè dín sí ti ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣe gbójúlé.

Nítorí náà, fáànù ojú páìpù mílímítà 100 tí wọ́n kọ nǹkan bíi 200 mítà kúbíìkì ní wákàtí sí lára ló yẹ àgọ́ 80 × 80. Páìpù àti kọ́nà máa jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, àsẹ́ èédú máa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àsẹ́ èédú náà kì í ṣe dandan: òórùn ló wà fún, létúùsì kò sì ní òórùn tó yẹ kó dààmú ẹnikẹ́ni. Ẹ ra fáànù tí wọ́n dìídì ṣe kọ́ńtírólù ìsáré tirẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ilé kù á jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ máa kùn, ó sì lè jó o.

Ohun kan wà tí fáànù kò lè ṣe láé: kò lè mú inú àgọ́ tutù ju yàrá tó ti ń fa atẹ́gùn wọlé. Bí yàrá bá ti wà ní 32 lọ́sàn-án, ẹ tan iná lálẹ́ kí òkùnkùn àgọ́ bọ́ sí ọ̀sán. Ohun ọ̀gbìn kò mọ agogo ara ògiri.

Ní ti aṣọ àgọ́, kò gba àròjinlẹ̀. 600D (D ń sọ bí òwú aṣọ náà ṣe nípọn tó) ti nípọn tó fún ilé. 210D fúyẹ́, ó sì tètè máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ lójú rírán. Ọ̀pá irin tó fẹ̀ ní mílímítà 19 pẹ̀lú oríkèé irin máa gbé iná àti fáànù láìtẹ̀; oríkèé ike máa ń là níbi tí ìwúwo pọ̀ sí. Síìpù ni kí ẹ fọwọ́ dánwò jù, torí òun ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Fèrèsé ike tí a fi ń yọjú wo inú wulẹ̀ ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jò ni.

Títò rẹ̀ gba èèyàn méjì. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ọ̀pá sílẹ̀, kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní gígùn-gígùn. Ẹ to ti ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ aṣọ àgọ́ tí ẹ ti tẹ́, ẹ to ọ̀pá òró àti ti òkè, kí ẹ wá fa aṣọ sókè bí ẹni ń wọ ẹ̀wù fún ọmọ, igun òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣíwájú. Síìpù ló kẹ́yìn. Tó bá ń le, ẹ má fi agbára fà á: igun kan ló wọ́, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan wọ inú rẹ̀, kí ẹ pa síìpù dé, kí ó wò bóyá ìmọ́lẹ̀ yàrá ń jò wọlé. Létúùsì kò bìkítà fún ihò abẹ́rẹ́, àmọ́ àwọn òdòdó tó jẹ́ pé òru gígùn ló ń mú wọn tanná, irú bíi kalanchoe àti poinsettia, lè kọ̀ láti tanná nítorí rẹ̀. Téèpù dúdú á dí i.

Ẹ gbé fáànù kọ́ sókè, torí òkè ni ooru ń lọ. Okùn rọ́bà ni kí ẹ fi so ó, kí ariwo rẹ̀ má bàa gba ara ọ̀pá wọ inú ilé. Ojú tí atẹ́gùn ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀, ní òdìkejì fáànù, kó lè gba àárín ewé kọjá. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti páìpù: páìpù mílímítà 100 ní ojú tó tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 79, torí náà ihò bíi 10 × 20 bá a mu. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tó nà dáadáa bò ó nítorí kòkòrò. Nígbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, ara àgọ́ yẹ kó rọra fà wọ inú. Bó bá wú síta, atẹ́gùn tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ; bó bá fà wọnú débi pé ọ̀pá ń tẹ̀, ẹ ṣí ojú àgbàwọlé sí i.

Ẹ jẹ́ kí páìpù kúrú kó sì nà tọ́ọ́rọ́. Kó jáde síta ilé tàbí sínú yàrá mìíràn. Bó bá ń tú ooru sínú yàrá kan náà, ẹ kàn ń po ooru kiri ni. Omi náà ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo omi tí ẹ bá bu sí ìkòkò ni ewé ń mí padà sínú atẹ́gùn. Lítà mẹ́ta lójúmọ́ nínú yàrá tó há, ògiri lẹ máa bá a lára.

Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná kò gba eré. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹsitẹ́nṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ inú àgọ́. Ẹ gbé wọn kọ́ sí òde, ju ìkòkò lọ ní gíga. Kí wáyà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ ibi iná. Ẹ lo ẹ̀rọ agé-iná tó máa ń já kíá tí iná bá ń jò sára èèyàn. Ẹ̀rọ tó ń bọ́ LED, bí ó bá ṣeé yọ, ẹ gbé e síta àgọ́. Ooru tirẹ̀ á dúró síta pẹ̀lú rẹ̀. Táímà tí ẹ rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó lè gbé LED, torí agbára tó ń já wọ LED lójijì nígbà tó bá tàn lè lẹ ẹnu táímà olówó pọ́ọ́kú pọ̀, iná á sì wà bẹ́ẹ̀ láìkú.

Ẹ tan gbogbo rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan láìsí ewé kankan nínú rẹ̀. Bí òórùn ike tuntun bá ṣì ń gbóná nímú, ẹ jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin kọ́ sí ibi tí orí ewé máa wà, kí ẹ sì fi páálí kékeré ṣíji bò ó. Tí iná bá ń tàn sí i lára tààrà, irọ́ ló máa pa fún yín. Èyí tó ń rántí iye tó ga jù àti èyí tó kéré jù ló wúlò, nítorí òru ni ewu wà. Tí iná bá kú, ooru á lọ sílẹ̀, ọ̀rinrin tó wà ní 60 nínú 100 lè fò sókè kọjá 80, omi á sẹ̀ sára ewé, ibẹ̀ ni ó ti ń bu. Nítorí náà, fáànù kò gbọ́dọ̀ bá iná kú. Ẹ dín ìsáré rẹ̀ kù lóru, ṣùgbọ́n ẹ má pa á. Ọ̀rinrin 65 sí 75 dára fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, 55 sí 65 fún ewé tó ń dàgbà, 45 sí 55 nígbà tí ata bá ti ń tanná.

Ẹ fi fáànù kékeré kan sí inú tó ń fẹ́ gba òkè ewé kọjá. Kí ewé máa mì díẹ̀ ló tó. Èyí tó bá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà, ẹ̀gbẹ́ yẹn á gbẹ. Létúùsì tí etí ewé rẹ̀ ń jó nínú àárín orí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ nítorí oúnjẹ ilẹ̀: atẹ́gùn ni kò dé ibẹ̀, ewé kò lè mí, kálísíọ́ọ̀mù kò sì lè bá omi gòkè dé etí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kó ọ̀gbìn wọlé, ẹ tan iná sí ìdajì agbára rẹ̀, kí ẹ máa fi ìdámẹ́wàá kún un ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó ń nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń ṣubú, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o. Èyí tí ewé òkè rẹ̀ ń ká sókè tó sì ń funfun, iná ti sún mọ́ ọn jù. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, tí kántíkántí sì ń fò lórí ìkòkò, omi ti pọ̀ jù: ẹ máa gbé ìkòkò lọ́wọ́ kí ẹ tó bu omi, èyí tó bá ṣì wúwo, ẹ fi í sílẹ̀.

Ewé èyíkéyìí tí ẹ rà láti ìta, ẹ jẹ́ kó wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa yí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ wò. Nínú àgọ́ kò sí òjò, kò sí kòkòrò tó ń pa kòkòrò jẹ. Àwọn tíntìntín tó ń ta òwú bí aláǹtakùn lè kún gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá tí inú rẹ̀ bá gbóná tó sì gbẹ. Ẹ so páálí aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń lẹ kòkòrò mọ́ ìtòsí ojú àgbàwọlé atẹ́gùn, kí ẹ máa ka ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.